Ìdúró Ọdẹ́bùnmi ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Igbó Àìlujá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Kí àgbà jókòó sórí àpótí, kí ọmọdé jókòó sórí ẹní, kí ẹni tó ń jẹ obì lẹ́nu yára gbé e mì, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò fẹ́ ariwo eyín. Èmi Ọdẹ́jìnmí, tí mo bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà nínú ẹrẹ̀ títí tí ẹfọ̀n fi kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín, ìwo rẹ̀ ló wà lára ògiri mi yẹn), èmi tí iwin ń kí kí n tó kí i, mo ń sọ fún yín pé ohun tí ojú Ọdẹ́bùnmi, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, rí ju gbogbo ohun tí ojú mi rí lọ. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kò fi iyọ̀ sí i. Èmi náà kò ní fi ata sí i, àfi díẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bí Ọdẹ́bùnmi ni ìyá rẹ̀ kú. Àwẹ̀ró, obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin kan tó sọ ní Ládépò. Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ tí kò níyàá, ó sì fi í sí ọmú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe mu ọmú kan náà, tí wọ́n jọ sùn sórí ẹní kan, tí wọ́n sì ń jà lórí egungun ẹja. Bí àlejò bá bi Àwẹ̀ró pé èwo ni tirẹ̀ nínú wọn, a ní, "Èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn."

Nígbà tí wọ́n di géńdé, àrùn ojú kan wọ ìlú wa, Òkè-Ìyeyè. Yóò bẹ̀rẹ̀ bí èéfín, yóò wá di ìkùukùu, lẹ́yìn náà ojú á kú pátápátá. Alágbẹ̀dẹ ń fi òòlù na ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyàwó ń kí àjèjì káàbọ̀ láti oko. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, tó ń tọwọ́ bọ iná kó tó mọ̀ pé iná ni, àwọn àgbà pe ìpàdé, wọ́n ní ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìlajú tí í la ojú afọ́jú: ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga tó wà nínú Igbó Àìlujá, níbi tí iwin ti ń ṣe olùkọ́. Ta ni yóò lọ? Ọdẹ́bùnmi dìde. Ládépò rí i pé ó dìde, òun náà dìde.

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ wá ojú wọn, ó fọwọ́ pa wọ́n lórí. Ó ní, "Ẹ tètè o. Ojú mi kò ní pẹ́ dúró dè yín."

Èmi kò ní dá yín dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òkè tí wọ́n gùn, kó lọ gùn ún. Wọ́n rìn títí tí ẹyẹ tí wọ́n mọ̀ kò fi kọrin mọ́, tí ẹyẹ tí wọn kò mọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn, kí wọ́n tó dé ẹnu ibodè kan tí a fi egungun erin ṣe òpó rẹ̀. Iwin tó ń ṣọ́ ọ ń jẹ́ Ẹlẹ́nu-Méjì. Ẹnu kan wà níbi tí ẹnu ń wà, èkejì wà láyà rẹ̀. Èyí òkè ń bi ènìyàn ní ìbéèrè, èyí ìsàlẹ̀ ń fi ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn jẹun.

Ó kọjú sí Ọdẹ́bùnmi. "Kí ló ń dúró láìní ẹsẹ̀, tó ń ṣubú láìfara pa, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló ń sunkún?"

Ọdẹ́bùnmi ní, "Iyì ènìyàn ni."

Iwin náà kọjú sí Ládépò. "Ìwọ ń kọ́? Kí ni ẹni méjì ń jọ rù tí kì í wúwo, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá sọ ọ́ sílẹ̀, á wó pa èkejì?"

Ládépò wo òkè, ó wo ilẹ̀, òógùn bò ó. Ẹnu àyà iwin náà bẹ̀rẹ̀ sí í la, ahọ́n rẹ̀ yọ jáde bí ejò tó fẹ́ yá oòrùn. Ọdẹ́bùnmi kò lè pa á mọ́ra. Ó kígbe pé, "Àdéhùn ni!"

Ẹlẹ́nu-Méjì wò ó títí. "Ìwọ kọ́ ni mo bi. Ṣùgbọ́n ebi kò pa mí lónìí, ẹ wọlé. Ìwọ obìnrin yìí, o ti ń ru ẹrù ẹlẹ́rù kí o tó sọ tìrẹ kalẹ̀."

Wọ́n wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé-ìwé abẹ́ igi, ẹ ò tíì rí nǹkan kan! Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò kò lórí, ọwọ́ ló fi ń ronú. Èyí tó ń kọ́ wọn ní èdè omi kì í sọ̀rọ̀ àfi tí òjò bá ń rọ̀. Ọ̀gá Àgbà wọn, Olójú-Ìpàkọ́, ìpàkọ́ ló ní ojú sí, tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé òun ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀, iwájú rẹ̀ gan-an ló wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ọmọ iwin, ọmọ ẹranko, àti ọmọ ènìyàn díẹ̀ tí ìṣòro ìlú wọn lé wá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá Àgbà kó wọn jọ sí àgbàlá, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn kó lè rí wọn dáadáa, ó ní:

"Níbí, a kì í jókòó gba ìmọ̀, a máa ń dúró gbà á ni. Ẹ wo àpáta tó móoru yìí. Ìdúró Rere ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìdajì máàkì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìparí sáà, orí rẹ̀ ni yóò ti máa gbẹ̀kọ́. Ẹ wo ẹrẹ̀ tútù tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ìdúró Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó ìdajì, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Bí ó bá fi máa di ìparí sáà tó tẹ̀lé e tí kò bá tíì gòkè, ẹnu ibodè ló kàn. Yóò lọ, ọdún kan á yí po, kó tó lè padà wá bẹ̀bẹ̀ pé ká gba òun. Ẹ tún gbọ́ o: a ń pe orúkọ ní àràárọ̀. Ẹni tí kì í bá jẹ́ ìpè, sáà rẹ̀ kò kà, ìbáà gbọ́n ju ìjàpá lọ. Ẹni tó bá sì parọ́ ìpè, ẹnu ibodè ló kàn án."

Ọmọ iwin kan béèrè pé, "Bí àìsàn bá ṣe ènìyàn ń kọ́?"

"Kó wá sọ níwájú ìgbìmọ̀. Kó sì mú ẹlẹ́rìí dání." Ó fi kún un pé, "Ẹ̀kọ́ ìlajú, a fi ṣe ìkẹyìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà lórí àpáta nìkan là ń kọ́ ọ."

Sáà àkọ́kọ́ parí, Ọdẹ́bùnmi wà lórí àpáta, Ládépò bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ọmọkùnrin náà dúró níbẹ̀ tí ẹrẹ̀ bo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. "Bí wọ́n bá lé mi, kí ni màá wí fún ìyá mi?"

"Ìyá wa," ni Ọdẹ́bùnmi wí. "Wọn kò ní lé ẹ."

Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta wá dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí kò bá yé Ládépò, a tún un sọ. Bí kò bá tún yé e, a fi orin sọ ọ́. Àkókò tó yẹ kó fi ka ìwé tirẹ̀, ẹ̀kọ́ Ládépò ló ń gbà á. Òwe àwọn baba wa ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n èmi ti rí ẹni tó da omi síwájú tí ẹlòmíràn sì rọra wá gba ilẹ̀ tútù náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí sáà kejì parí, Ládépò gun orí àpáta. Ọdẹ́bùnmi ku díẹ̀ káàtó, ìdajì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà wá bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Ládépò bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti orí àpáta, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má mikàn rárá, arábìnrin mi. Ní sáà tó ń bọ̀, èmi ni màá máa kọ́ ẹ."

Ó kọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì, ó ní orí ń fọ́ òun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí náà fọ́ nítòótọ́. Ibà dá Ládépò dùbúlẹ̀ ní sáà kẹta yẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ń jó bí ààrò. Ibà kì í mú iwin, ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ kò fi mọ oògùn rẹ̀. Ìjàpá arúgbó kan tó ń gbálẹ̀ àgbàlá ló sọ pé èèpo igi tó lè wò ó wà ní Igbó Ẹkún, ó sì jìnnà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń jẹ́ Adáhùn, ọmọ iwin tó lè sín ohùn ẹnikẹ́ni jẹ. Ó wá bá wọn níbi tí Ládépò dùbúlẹ̀ sí. Ó ní, "Ẹ lọ wá oògùn yín. Èmi á máa jẹ́ ìpè fún ẹ̀yin méjèèjì ní àràárọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ládépò ní kíákíá, "Jọ̀ọ́, bá mi jẹ́ ẹ."

Ọdẹ́bùnmi ní, "Má jẹ́ tèmi. Òfin ní kí aláìsàn wá sọ tẹnu rẹ̀. Bí a bá dé, a ó sọ ọ́. Ìwọ náà, Ládépò, má jẹ́ kó jẹ́ tìrẹ. Àwa la máa jẹ́rìí ara wa."

Ládépò gbọn orí pé ó dáa. Adáhùn náà gbọn orí. Ọdẹ́bùnmi gbé ọmọ ìyá rẹ̀ pọ̀n, ó jáde.

Igbó Ẹkún! Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí mo fi ihò imú erin ṣe ibùba, mo dé etí igbó náà rí, mo sì rántí pé mo ní iṣẹ́ nílé. Igi ibẹ̀ ń pe ènìyàn lórúkọ. Ohùn òkú ènìyàn rẹ ni wọ́n fi ń pè é, ẹni tó bá dáhùn á di igi. Bí Ọdẹ́bùnmi ṣe wọ ibẹ̀, igi ìrókò kan pè é pé, "Ọdẹ́bùnmi, ọmọ mi, ṣé bí o ṣe wá dàgbà tó nìyí?" Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sọ fún un. Igi náà tún ní, "Sọ ẹrù ẹlẹ́rù kalẹ̀, kí n rí ojú ẹ." Ìdáhùn ti dé ọ̀fun rẹ̀, àfi bó ṣe fi ìjálá rọ́pò rẹ̀, tó ń sun ún kíkankíkan kí ohùn náà lè rì:

Ìgalà, ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀ṣọ́,
A-wẹ̀yìn-wò-kó-tó-sá,
Bí o bá gbóhùn mi má dúró,
Ọdẹ tó ń bọ̀ kò rẹ́rìn-ín,
Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo ju ìbọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ń sun ìjálá tó ń sunkún títí ó fi bó èèpo igi oògùn náà, tó sì jáde. Létí odò kan ló ti sè é fún Ládépò. Ó ń fi omi pa á lára, ó ń fi ọwọ́ bọ́ ọ, títí ibà náà fi kúrò. Nígbà tí ojú Ládépò wálẹ̀, ó ní, "Ọdẹ́bùnmi, bí mo bá gbàgbé èyí, kí ilẹ̀ gbàgbé mi."

Wọ́n padà dé bí ìdánwò ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni wọ́n ti dá Ọdẹ́bùnmi dúró. Wọ́n ní kò jẹ́ ìpè, sáà rẹ̀ kò kà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Ládépò wọlé, nítorí kò sí àárọ̀ tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi yíjú wò ó. Ládépò ń wo bàtà rẹ̀. Ó wọlé.

Ìgbà náà ló yé e pé ọmọ ìyá òun ti bá Adáhùn ṣe é lẹ́yìn òun. Síbẹ̀ kò bínú púpọ̀. Ó ní ẹni tí ibà ń ṣe kì í mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní ìgbìmọ̀ ni yóò tún un ṣe.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Olójú-Ìpàkọ́ kọ ẹ̀yìn sí i, ojú ìpàkọ́ rẹ̀ kò sì ṣẹ́jú.

"Ọdẹ́bùnmi, o wà nínú ẹrẹ̀ tẹ́lẹ̀, o kò sì wá sí kíláàsì. Ẹnu ibodè ló kàn. Kí lo rí sọ?"

"Àìsàn ló ṣe ọmọ ìyá mi, Ọ̀gá. Èmi ni mo gbé e lọ síbi oògùn."

"Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Aláìsàn náà fúnra rẹ̀. Ládépò ni."

Wọ́n pe Ládépò. Ó jáde wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti gbẹ, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé orí àpáta. Olójú-Ìpàkọ́ ní, "Ìwọ la gbọ́ ohùn rẹ ní àràárọ̀. Ṣé ibà ṣe ọ́? Ṣé o kúrò níbí?"

Ládépò mọ̀ pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé òun ti parọ́ ìpè, sáà òun á dòfo, òun náà á sì jáde. Ó wo Ọdẹ́bùnmi. Ọdẹ́bùnmi ń wò ó pẹ̀lú ojú tí ó fi ń wò ó láti kékeré, ojú ẹni tí kò bẹ̀rù.

Ó ní, "Rárá, Ọ̀gá. Ara mi le koko."

"Obìnrin yìí ń kọ́? Níbo ló lọ?"

"Ọmọ ọdẹ ni. Mo rò pé ó lọ sígbẹ́ ọdẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gba ìwo ẹfọ̀n síkùn, ẹ ti rí ojú àpá rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ òun lára ju ìwo lọ, nítorí ìwo a máa fi ibi tó gbà wọlé hàn. Ẹnu rẹ̀ là láti sọ nípa Adáhùn. Ṣùgbọ́n bó ti fẹ́ sọ ọ́ ni ojú Àwẹ̀ró yọ sí i, bó ṣe ń fi ọwọ́ wá ojú wọn. Bí wọ́n bá lé àwọn méjèèjì, ta ni yóò gbé ẹ̀kọ́ ìlajú dé ilé? Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Olójú-Ìpàkọ́ ní, "Ṣé o ní ọ̀rọ̀ mìíràn?"

"N kò ní."

Ládépò sáré bá a ní ẹnu ibodè. Ó ń mí gúlegúle. "Ọdẹ́bùnmi, kò sóhun tí mo lè ṣe. Bí mo bá sọ òótọ́, àwa méjèèjì ló máa lọ. Màá parí ẹ̀kọ́ náà, màá sì gbé e lọ fún ìyá wa. Mo búra."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe Àwẹ̀ró ní ìyá wa. Ọdẹ́bùnmi ní, "Gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tí mo bẹ̀ ẹ́." Ó sì jáde lọ.

Kò lè padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó lọ gbé ní Ìlú Apadàrìn títí ọdún fi yí po. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni àwọn ará ibẹ̀ ń rìn, wọn kì í rí ibi tí wọ́n ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Wọ́n bá a kẹ́dùn dáadáa. Bí ó bá sọ ìtàn rẹ̀ tán, wọ́n á ní kó tún un sọ, nítorí wọ́n fẹ́ràn ohun tó ti kọjá. Àwọn àgbà ibẹ̀ fún un ní ilé, wọ́n ní kó má lọ mọ́, pé ìlú àwọn yẹ ẹni tí èèyàn rẹ̀ dà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tó wá di ọjọ́ kan, tó rí i pé òun náà ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sódò, ẹ̀rù bà á. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kọjú síwájú, ó sì gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé Ládépò á ti délé, pé Àwẹ̀ró á ti máa ríran, pé òun fẹ́ wá kọ́ ọ kí òun náà lè la ojú àwọn ará ìlú yòókù.

Ìgbìmọ̀ tó ń gba ẹni tó padà wá bẹ̀bẹ̀ jókòó. Olójú-Ìpàkọ́ wà láàárín. Ẹni tó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọ agbádá dúdú àwọn olùkọ́, ó dé fìlà onígun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ládépò ni.

Ó gbójú sókè. Ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ?"

Ọdẹ́bùnmi rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Mo ní kí ni orúkọ rẹ?"

"Ọdẹ́bùnmi," ló wí, "ti Òkè-Ìyeyè. Ìyá wa ń kọ́?"

Ládépò ní, "Ìgbìmọ̀ kì í dáhùn ìbéèrè." Ó sì dìbò pé kí wọ́n má gbà á. Àwọn yòókù ló gbà á padà, nítorí ó dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í nípa ẹ̀kọ́, èyí tí ó kọ́ Ládépò àti èyí tí kò kọ́ ọ.

Ó dúró dè é ní ìta. Nígbà tí Ládépò jáde, Ọdẹ́bùnmi di etí agbádá náà mú. "O parí ẹ̀kọ́ náà. Kí ló dé tí o kò lọ sílé?"

Ládépò wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Lẹ́yìn ìyà tí mo jẹ kí n tó dé orí àpáta yìí, ṣé kí n tún padà lọ kọ ebè? Wọ́n fún mi ní àga. Wọ́n ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ìyá rẹ ń fọ́jú."

"Ìyá mi ti dàgbà, Ọdẹ́bùnmi. Ojú àgbà a máa ṣú." Ó rọra já etí agbádá rẹ̀ gbà. "Ìwọ lo fẹ́ràn láti máa pọn ènìyàn. Lọ pọ̀n ọ́n."

Ọdẹ́bùnmi kò nà án. Mo bi í pé kí ló dé, èmi ìbá ti so ó mọ́ ìrókò. Ó ní ọwọ́ òun tutù bí ẹrẹ̀ ni, kò lè gbéra. Ó dúró síbẹ̀ títí òjìji Ládépò fi wọlé. Lẹ́yìn náà ó lọ sí kíláàsì, ó sì jẹ́ ìpè. Ládépò ló ń pe orúkọ. Ní àràárọ̀ ni ọmọ ìyá rẹ̀ ń pe "Ọdẹ́bùnmi" bí ẹni ń pe òkúta, ní àràárọ̀ ló sì ń dáhùn pé, "Mo wà níbí." Kò bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ẹrẹ̀, èyí sì dùn mí nígbà tó sọ ọ́, nítorí ó ní àwọn kan sunkún pè é. Ó gòkè dé orí àpáta, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìlajú, ó sì gba ọ̀nà ilé láìwẹ̀yìn.

Ilé ló wá bá Àwẹ̀ró níbi tó jókòó sí ní ẹnu ilẹ̀kùn, tí ojú méjèèjì ti kú. Arúgbó náà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Èwo nínú yín nìyẹn?"

"Ọdẹ́bùnmi ni, màmá."

Ọdẹ́bùnmi kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síwájú. Ó jókòó tì í, ó sì ṣe gbogbo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ewé lórí ewé, omi lórí omi, títí tí ìkùukùu ojú ọ̀tún fi ya bí aṣọ gbígbó. Ojú òsì kò là. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, kò là. Ó ti pẹ́ jù. Ìbá ṣe pé ẹ̀kọ́ náà dé nígbà tó yẹ kó dé, méjèèjì ni ìbá là.

Àwẹ̀ró ṣẹ́ ojú ọ̀tún náà. Ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ó wo Ọdẹ́bùnmi, ó sì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ọ̀nà gbọọrọ tó lọ sínú igbó.

"Ládépò ń kọ́?"

Ọdẹ́bùnmi ti pète irọ́ kan lójú ọ̀nà, irọ́ dáadáa, pé ẹranko ló pa á bó ṣe ń gba òun là. Kò lè sọ ọ́.

"Ó wà láàyè, màmá. Ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò ní wá."

"Ṣé ó mọ̀ pé ojú ń dùn mí?"

"Ó mọ̀."

Àwẹ̀ró wo ọ̀nà náà fún ìgbà pípẹ́. Kò sunkún. Ó wá fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀, ó dìde, ó yí àpótí rẹ̀ padà kó lè kọ ẹ̀yìn sí igbó, ó sì tún jókòó.

Ó ní, "Sún mọ́ ìhín, ọmọ mi. Ojú òsì yìí kò ríran. Jókòó síbi tí mo ti lè rí ọ."

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bu omi fún mi mu.